J Dilla: Ẹni tí ó fi Àlòkù Ohùn Dárà

 Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ìtàn ọmọ Amẹ́ríkà ni mo gbé wá sínú ìwé wa lọ́dún yìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a jiyàn gidigidi nínú yàrá wa. Mo ní olè ni gbogbo àwọn tí ń gé orin olórin láti fi ṣe tiwọn, pé ẹni tí kò lè lu ìlù, tí kò lè tẹ dùùrù, ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan kò bá mi fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó kàn ní kí n lọ wádìí ìgbésí ayé J Dilla kí n tó tún sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1974 ni a bí James Dewitt Yancey ní ìlú Detroit. Ilé olórin ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ a máa kọrin, a sì máa ta báàsì. Maureen ìyá rẹ̀ náà mọ orin kọ dáadáa. Àdúgbò Conant Gardens ni ó gbé dàgbà, níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, T3 àti Baatin, ti dá ẹgbẹ́ Slum Village sílẹ̀. Olórin kan tí ó ṣáájú rẹ̀, Amp Fiddler, ni ó fi ẹ̀rọ MPC mọ̀ ọ́n. Òun náà ni ó mú un mọ Q-Tip ti ẹgbẹ́ A Tribe Called Quest ní ọdún 1994. Láti ìgbà náà ni ìròyìn rẹ̀ ti kọjá Detroit.

Báwo ni iṣẹ́ náà ti rí? Dilla yóò gbé àwo orin àtijọ́ sórí ẹ̀rọ, yóò máa tẹ́tí títí yóò fi kan ibi kékeré tí ó wù ú, bóyá ìró dùùrù kan tàbí igbe olórin kan. Yóò gba ibẹ̀ sínú ẹ̀rọ Akai MPC3000, tí ó ní bọ́tìnnì rọ́bà 16 lójú. Bí ó bá fẹ́ kí ìró náà máa yí po, àfi kí ó gé e ní ibi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀ gan-an àti ibi tí ó parí sí. Bí ó bá gùn jù díẹ̀, yóò máa kọsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí dé. Ó sì lè gé e wẹ́wẹ́, kí ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí orí bọ́tìnnì tirẹ̀, kí ó tún wọn tò bí ó ti fẹ́. Bí ó bá dẹ ìró náà, ohùn yóò wúwo. Bí ó bá yára sí i, ohùn yóò tínrín.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ nìyí. Ẹ̀rọ náà ní ètò kan tí í tún ìlù ṣe: ibi yòówù kí ìka rẹ ti tẹ bọ́tìnnì, yóò fà á lọ sí ibi tí ó gún régé. Dilla a máa pa ètò yìí tì nígbà púpọ̀, yóò fi ìka ara rẹ̀ lù ú. Nígbà mìíràn, yóò sún ìlù kan síwájú díẹ̀, yóò jẹ́ kí òmíràn wọ́ lẹ́yìn. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ yóò rò pé ìlù náà fẹ́ ṣubú, ṣùgbọ́n kò ní í ṣubú. Èmi tí mo dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń lu dùndún, ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Ṣé gudugudu kì í tún ohun kan náà lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú ni? Síbẹ̀, ta ni í pe onígudugudu ní ọ̀lẹ?

Ní ọdún 2000, Common gbé àwo Like Water for Chocolate jáde. Dilla ni ó ṣe púpọ̀ nínú ìlù rẹ̀. Orin Bobby Caldwell ni ó gé fún "The Light", orúkọ Caldwell sì wà lára àwọn tí a kọ pé wọ́n ni orin náà. Nínú àwo yìí kan náà ni orin kan wà tí wọ́n fi bọlá fún Fẹlá wa, Fẹ́mi Kútì sì bá wọn dá sí i.

Ní ọdún 2002, àìsàn wọlé dé. Àrùn ẹ̀jẹ̀ kan tí kò wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní TTP, ni àwọn dókítà rí lára rẹ̀. Lupus náà tún kún un. Ó kó lọ sí Los Angeles, ìyá rẹ̀ sì lọ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ilé ìwòsàn ní ọdún 2005, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré àti àwo orin wá bá a kí ó lè máa ṣiṣẹ́. Ní ìparí ọdún náà, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó wà nígbà tí ó lọ ṣeré ní Yúróòpù.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2006, ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 32, àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Donuts jáde. Ege orin 31 ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ó sọ ní orúkọ ìparí, èyí tí ó kẹ́yìn sì ń kí ènìyàn káàbọ̀. Bí èyí ìkẹyìn bá tán, ó bá ti àkọ́kọ́ mu, gbogbo àwo náà wá ń yí po. Nínú "Don't Cry", ó kọ́kọ́ jẹ́ kí orin àwọn Escorts máa lọ bí ó ti wà, lẹ́yìn náà ni ó rún un wẹ́wẹ́ tí ó sì tún un tò. Ọjọ́ kẹta tí àwo náà jáde, ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ni Dilla kú. Lónìí, MPC rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington.

Mo ti padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo sì ti gbà pé mo ṣì í sọ. Èyí kò ní kí a má gba àṣẹ lọ́wọ́ olóhun, kí a má sì san owó rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ohun tí gbogbo ayé ti gbàgbé, tí ó mú un sọjí, tí ó ń ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́, èmi kò jẹ́ pè é ní olè mọ́ láé. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwo orin àwọn bàbá wa tí ó wà nínú eruku nílé, ẹ nù wọ́n, kí ẹ sì tẹ́tí sí wọn. Kí Dilla sùn re o.