Ìtàn Ìgbésí-Ayé Ernie Davis, Agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Òǹkàwé mi, bí ẹsẹ̀ rẹ bá gbé ọ dé ìlú Elmira ní ìpínlẹ̀ New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwọ yóò rí ilé-ìwé kan tí wọ́n fi orúkọ Ernie Davis pè. Ẹni tí ó ni orúkọ yìí kì í ṣe gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ọmọ ọdún 23 péré ni nígbà tí ó kú ní 1963. Eré bọ́ọ̀lù ni ó sọ ọ́ di olókìkí, síbẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó fi owó ńlá gbà á síṣẹ́ kò rí i kí ó ṣeré fún wọn fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ ni mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ kà.

Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1939 ni wọ́n bí Ernie Davis ní New Salem, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Kò mọ bàbá rẹ̀ lójú, nítorí pé ìjàm̀bá ti gba ẹ̀mí bàbá náà. Ìyá rẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, agbára rẹ̀ kò sì ká ọmọ títọ́, nítorí náà ọmọ kò tíì ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ìyá rẹ̀ ní ìlú Uniontown. Ìwọ náà mọ ohun tí a máa ń sọ nípa ọmọ tí ìyá-àgbà tọ́ dàgbà, pé kẹ́kẹ́ ni wọ́n máa ń kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ti Ernie kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìwakùsà èédú ni bàbá-àgbà rẹ̀ ń ṣe, ọmọ pọ̀ nínú ilé náà, owó kò pọ̀, ojú sì wà lára gbogbo wọn. Ọmọ náà ń kólòlò. Bí ó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ a há sí i lẹ́nu títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi rẹ́rìn-ín. Bóyá ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé títí ó fi dàgbà, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í fọ́nnu.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Elmira. Ibẹ̀ ni ó ti wọ ilé-ìwé gíga Elmira Free Academy. Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Kò sí eré tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá. Nínú bọ́ọ̀lù aláwọ̀n tí a ń fi ọwọ́ jù, ilé-ìwé rẹ̀ borí nínú ìdíje 52 léraléra láìfìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde jù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé eré yìí díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe irú èyí tí a ń gbá ní pápá ilé-ìwé wa. Bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto. Ó ṣe ṣóńṣó ní orí àti ní ìdí bí ìbẹ́pẹ kékeré. Ẹni mọ́kànlá ni ó ń kojú ẹni mọ́kànlá lórí pápá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 yáàdì. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò há a mọ́ abíyá, yóò sì máa sá lọ sí ìparí pápá àwọn ọ̀tá, àwọn ọ̀tá yóò sì máa gbìyànjú láti gbé e ṣánlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń jà ìjàkadì. Bí ó bá dé ibẹ̀ láìṣubú, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba máàkì mẹ́fà. A ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní agbábọ́ọ̀lù nítorí pé a kò ní orúkọ mìíràn fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni ó fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ agbébọ́ọ̀lù-sá yìí gan-an ni Ernie Davis mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ó lágbára, ó sì yára.

Bí ó ṣe ń parí ilé-ìwé gíga, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì ni ó ń fẹ́ ẹ. Yunifásítì Syracuse ni ó yàn. Jim Brown, aláwọ̀ dúdú tí ó ti ṣe bẹbẹ níbẹ̀ kí ó tó lọ di ògbóǹtarìgì ní ẹgbẹ́ Cleveland Browns, wà lára àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ kí ó lè gbà. Ben Schwartzwalder ni olùkọ́ni àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì náà. Nọ́ńbà 44 tí Jim Brown ti wọ̀ rí ni wọ́n fi wọ Ernie. Ìwọ náà ro ó wò: kí wọ́n fún ọmọ ọdún 19 ní aṣọ ẹni tí gbogbo ìlú ń kan sáárá sí! Ẹlòmíràn, ẹ̀wù náà ni ìbá wọ̀ ọ́ lọ́rùn pa.

Òfin ìgbà náà kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ṣeré nínú ẹgbẹ́ àgbà, nítorí náà 1959 ni ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an, Syracuse borí nínú gbogbo ìdíje rẹ̀, ó sì di ọ̀gá pátápátá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ìdíje náà wáyé ní ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1960. Cotton Bowl ni wọ́n ń pe ìdíje náà, Yunifásítì Texas sì ni wọ́n bá pàdé.

Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá aláwọ̀ funfun jókòó jẹun. Aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ni ó wà nínú ẹgbẹ́ Syracuse: Ernie Davis, John Brown àti Art Baker. Àfi bí ẹni pé èyí kò tó, iṣan ẹ̀yìn itan Ernie fà nígbà tí wọ́n ń gbaradì, ó sì ku díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iṣan itan rẹ̀ bá ti fà rí mọ̀ pé rírìn gan-an máa ń nira, ká má tíì sọ eré sísá. Síbẹ̀ ó jáde sí pápá. Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ger Schwedes, fi ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó hán an, ó sì kì í mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ó gbé e dé jẹ́ 87 yáàdì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo gígùn pápá, lórí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún! Ó tún gba máàkì mẹ́fà mìíràn lẹ́yìn èyí. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí pápá kí wọ́n tó lọ sinmi, nítorí èébú tí wọ́n bú aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí fèrè dún kẹ́yìn, Syracuse ní máàkì 23, Texas ní 14, Ernie sì ni wọ́n yàn ní ẹni tí ó ṣe dáadáa jù.

Ní alẹ́, wọ́n se àsè fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n sọ fún Ernie pé kí ó wá gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n pé bí ó bá ti gbà á tán, kí ó jáde, nítorí pé ilé náà kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tíì kà á kí inú mi má bàjẹ́. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ pa màlúù ni wọ́n ní kí ó má dúró jẹ ẹran.

Ọdún 1960 àti 1961 kọjá pẹ̀lú ògo. Kí ó tó kúrò ní Syracuse, ó ti gbé bọ́ọ̀lù sá fún 2,386 yáàdì, ó sì ti wọ ilé àwọn ọ̀tá ní ìgbà 35. Ó ré kọjá ohun tí Jim Brown fúnra rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ní ìparí 1961, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n máa ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dọọdún láti 1935. Aláwọ̀ dúdú kankan kò gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ìlú New York ni ó ti lọ gbà á. Ààrẹ Kennedy wà ní ìlú náà lọ́jọ́ náà, ó sì ní kí wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá kí òun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ó ku kí ó di ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń to àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ní ẹsẹẹsẹ, ẹgbẹ́ Washington ni ó sì kọ́kọ́ ní àǹfààní láti mú lọ́dún náà. Ernie Davis ni wọ́n mú. Ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ṣáájú gbogbo ènìyàn. Má ṣe rò pé ìfẹ́ ni ó mú Washington ṣe é. George Preston Marshall tí ó ni ẹgbẹ́ náà ti kọ̀ jálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òun kò ní gba aláwọ̀ dúdú kankan, ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ó sì kù tí kò ní. Orí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni pápá ìṣeré tuntun wọn wà, ìjọba Kennedy sì sọ fún un pé bí kò bá yí ọkàn padà, wọn kò ní jẹ́ kí ó lo pápá náà. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n kò mú Ernie dúró. Ó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹgbẹ́ Cleveland Browns, ó sì gba Bobby Mitchell àti Leroy Jackson dípò, aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì.

Inú àwọn ará Cleveland dùn púpọ̀. Jim Brown wà níbẹ̀, Ernie Davis ń bọ̀: àgbébọ́ọ̀lù-sá méjì irú wọn nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo! Art Modell, tí ó ni ẹgbẹ́ náà, bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta, 80,000 dọ́là sì ni owó eré nìkan. Kò sí ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ tí ó tíì rí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbà. Ọmọ ìdílé awakùsà ni o, tí ó ti wọ aṣọ àlòkù rí.

Ní oṣù Keje 1962, wọ́n pe àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì jọ sí Evanston nítòsí Chicago, kí wọ́n lè gbaradì láti bá ẹgbẹ́ Green Bay Packers díje. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ernie jí, ọrùn rẹ̀ wú. Àwọn dókítà kọ́kọ́ rò pé ṣegede lásán ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àṣé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni.

Ìwọ tí o ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá alààyè yóò tètè lóye àrùn yìí. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn náà bá bẹ̀rẹ̀, mùdùnmúdùn yóò máa ṣe ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó, tí kò sì wúlò, títí tí kò fi ní sí àyè fún ẹ̀jẹ̀ gidi mọ́. Okun aláìsàn yóò máa dínkù, èéfín ìgbóná yóò máa yọ lára rẹ̀, bí ó bá sì fara pa díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè dá. Irú èyí tí ó mú Ernie jẹ́ èyí tí í máa yára. Ní 1962, egbòogi tí ó wà lè tẹ̀ ẹ́ rì fún ìgbà díẹ̀ ni, kò lè lé e lọ. Ìtọ́jú tí a fi ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn, tí ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là lónìí, kò tíì di ohun tí ọwọ́ aláìsàn lè tó.

Wọn kò sọ òótọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò pé, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó là á yé e. Ní tèmi, n kò rò pé ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn pamọ́ fún olúwarẹ̀ fún oṣù méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ni wọ́n pè é. Ní oṣù Kẹjọ, àárín àkókò ìfipamọ́ yìí, Cleveland ń ṣe ìdíje kan ní pápá ńlá wọn lálẹ́. Wọ́n pe orúkọ Ernie, wọ́n tan iná ńlá sí i lára, ó sì sáré jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́ náà, nọ́ńbà 45 lẹ́yìn rẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Kò gbé bọ́ọ̀lù. Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó jókòó. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó fi aṣọ náà jáde síwájú èrò nìyẹn.

Nígbà tí egbòogi tẹ àrùn náà rì, ara rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣeré. Modell fẹ́ kí wọ́n fún un láyè, àwọn dókítà kan sì sọ pé kò ní pa á lára ju bí ó ti wà lọ. Paul Brown, olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà, kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó da àárín àwọn méjèèjì rú, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kìíní 1963, Modell ti lé Paul Brown kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èwo nínú wọn ni ìwọ ìbá gbè lẹ́yìn? Ẹni tí ó ní kí a jẹ́ kí ọmọ gba ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ kí ó tó lọ, àbí ẹni tí kò fẹ́ kí ó ṣubú sílẹ̀ lójú èrò? Ernie kò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nínú ìwé ìròyìn kan tí ó jáde ní oṣù Kẹta 1963, ó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun kò ka ara òun sí olórí burúkú.

Ní oṣù Karùn-ún, àrùn náà gbérí. Ó yà sí ọ́fíìsì Modell, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, kò sì sọ fún un pé ó dìgbóṣe. Ó ti ibẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn, ó sì kú ní ọjọ́ 18 oṣù náà, lójú oorun.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Elmira. Ó lé ní 10,000 ènìyàn tí ó tò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí rẹ̀. Ìwé ìbánikẹ́dùn wá láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ Kennedy, tí òun náà kò lò ju oṣù mẹ́fà sí i lọ láyé. Ẹgbẹ́ Cleveland kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà 45 mọ́.

Ó ku ẹnì kan tí n kò tíì dárúkọ. Ní òpin 1962, nígbà tí Ernie mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ láyé, òun àti Schwartzwalder lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Floyd Little nílé, láti rọ̀ ọ́ kí ó wá sí Syracuse. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ìlérí ẹnu lásán ni, ọkàn rẹ̀ kò tíì dúró síbì kan. Ìgbà tí ó gbọ́ pé Ernie ti kú ni ó pe Schwartzwalder lórí tẹlifóònù pé òun ń bọ̀. Nígbà tí ó dé, nọ́ńbà 44 ni wọ́n fi wọ̀ ọ́.