Georg Ohm: Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí àwọn 'rewire' ní Accra ń fi òfin rẹ̀ wá ibi tí iná mọ́tò ti ń bàjẹ́

Bí iná iwájú mọ́tò bá ń ṣe bàìbàì lálẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ takisí àti trotro, ìyẹn dánfó àwọn ará Ghana, máa ń kọ́kọ́ ṣe ní Accra ni kí wọ́n lọ ra gílóòbù tuntun ní Abossey Okai. Wọ́n á fi sí i, iná á tàn. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọ́n á sì tún lọ ra òmíràn.

Tó bá ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá 'rewire' tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní béèrè gílóòbù mọ́. Mítà kékeré kan ló máa mú jáde. Lójú mítà náà, àmì kan wà tó jọ pátákò ẹṣin: Ω. Ohm ni wọ́n ń pè é, orúkọ ènìyàn sì ni.

Georg Simon Ohm jẹ́ tíṣà ará Jámánì tó kú ní 1854, ọdún 32 kí Karl Benz tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí mọ́tò tó ṣe ní 1886. Síbẹ̀, kò sí iná mọ́tò kan tí wọ́n ń tún ṣe ní Kokompe lónìí tí kì í tẹ̀lé òfin tó ṣàwárí. Ìwé tó kọ lórí òfin yìí kan náà ló yẹ kó gbé e ga, ṣùgbọ́n òun ló mú kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì wà láìní iṣẹ́ gidi fún ọdún márùn-ún.

Ta ni Georg Ohm?

Wọ́n bí Ohm ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1789, ní ìlú Erlangen, ní Bavaria tó wà ní Jámánì báyìí. Kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni bàbá rẹ̀, Johann Wolfgang Ohm, ń rọ. Ọmọ télọ̀ ni ìyá rẹ̀, Maria Elizabeth Beck.

Ọmọ méje ni tọkọtaya náà bí, àmọ́ mẹ́ta péré ló dàgbà: Georg, àbúrò rẹ̀ Martin tó di onímọ̀ ìṣirò, àti Elizabeth Barbara. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Georg nígbà tí ìyá wọn kú.

Bàbá wọn kò lọ sí ilé ìwé gíga. Ara rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, òun náà ló sì fi kọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì nílé. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Georg ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo irin.

Ní 1805, Georg wọ Yunifásítì Erlangen. Ijó jíjó, eré orí yìnyín àti bílíádì ló gbájú mọ́ níbẹ̀ ju ìwé lọ. Inú bí bàbá rẹ̀ pé ọmọ òun ń fi àǹfààní tí òun kò ní ṣòfò, ó sì yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé. Ní 1806, Georg kọrí sí Switzerland, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Ó padà sí Erlangen, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1811. Owó tí yunifásítì ń san fún un kò tó nǹkan, ó sì kúrò níbẹ̀ láìpẹ́. Ó ṣe tíṣà ní Bamberg, kó tó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Jesuit ní Cologne ní 1817. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ní yàrá ìṣèwádìí tó dáa, ibẹ̀ ni iná mànàmáná ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Bátìrì tó ṣì í lọ́nà

Ohun tí Ohm fẹ́ mọ̀ kò le láti sọ: bí wáyà bá ń gùn sí i, báwo ni iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣe ń dín kù?

Ní 1825, ó gbé èsì àkọ́kọ́ jáde. Èsì náà kò tọ̀nà. Bátìrì ìgbà yẹn ló fà á, nítorí bí èèyàn bá ṣe ń lò ó ni agbára rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀. Kò rọrùn láti mọ̀ bóyá wáyà ló ń dá iná dúró ni, àbí bátìrì ló ń kú lọ.

Johann Christian Poggendorff, olóòtú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó pa bátìrì yẹn tì. Ohm wá so irin bismuth mọ́ bàbà. Ó fi ojú ìsopọ̀ kan sínú omi tó ń hó, ó sì fi èkejì sínú yìnyín. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń hó tí yìnyín kò sì tíì yọ́ tán, agbára iná tó ń jáde kò yí padà.

Lẹ́yìn náà ló mú wáyà bàbà mẹ́jọ tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, láti íǹṣì 2 títí dé íǹṣì 130. Ó ń so wọ́n mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo bí abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tó fi kọ́ ṣe ń yí. Ní 1826, èsì tó tọ̀nà jáde.

Ìdí nìyí tí rewire tó dáa fi máa ń wọn bátìrì kó tó tú wáyà kankan. Bátìrì mọ́tò tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó lọ sókè sí nǹkan bíi 14. Bí ó bá kọjá 15, alternator ti ń fún iná lápọ̀jù nìyẹn, gílóòbù yóò sì máa jó léraléra.

Kí ni òfin Ohm?

Ẹ fi ojú inú wo táǹkì omi tó wà lórí òpó, pẹ̀lú rọ́bà tí omi ń gbà jáde. Bí táǹkì náà bá ga, omi á tú jáde pẹ̀lú agbára. Bí pàǹtí bá dí rọ́bà náà, omi tó ń jáde á dín kù, bí táǹkì tilẹ̀ kún dẹ́nu.

Fóltì ni gíga táǹkì náà. Omi tó ń ṣàn ni ampere. Ohun tó ń dí ọ̀nà ni ohm. Bí a bá fi ohm pín fóltì, ohun tó kù ni ampere, ìyẹn iye iná tó ń kọjá.

Gílóòbù iwájú mọ́tò oníwáàtì 55, tó ń lo fóltì 12, máa ń gba nǹkan bíi ampere 4.6. Ìdíwọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń tàn jẹ́ nǹkan bíi ohm 2.6. Bí ìpẹtà bá fi ìdajì ohm péré kún un, iná tó ń kọjá á wálẹ̀ sí abẹ́ ampere 4. Nǹkan bíi fóltì 10 ni gílóòbù á rí lò. Fóltì 2 tó kù á di ooru ní ibi tó dípẹtà, ooru yìí ló sì máa ń yọ́ rọ́bà ara wáyà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá ibi tó ti bàjẹ́?

Iná máa ń jáde ní ẹnu kan bátìrì, á gba fíùsì, súìtì àti wáyà dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí ẹnu kejì. Ara irin mọ́tò ló ń gbà padà. Ojú ibi tí wọ́n ti fi bóòtì de wáyà mọ́ irin yìí ni àwọn rewire ń pè ní 'earth'.

Accra wà létí òkun, atẹ́gùn oníyọ̀ a sì máa jẹ irin. Bí 'earth' bá ti dípẹtà, gílóòbù á ṣe bàìbàì. Bí wọ́n ṣe ń ti gílóòbù tuntun wọlé, wọ́n ń mi wáyà, irin á sì tún fara kan irin fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ń tan awakọ̀ jẹ nìyẹn, tó fi rò pé gílóòbù ló bàjẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Rewire tó mọṣẹ́ máa ń tan iná náà sílẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n. Á gbé mítà sí fóltì, á fi ẹnu kan kan wáyà 'earth' gílóòbù, á sì fi ẹnu kejì kan ẹnu òdì bátìrì. Bí 'earth' bá dáa, mítà á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òdo. Bí ó bá fi fóltì 1 tàbí 2 hàn, ibẹ̀ ni iná ń sọnù sí. Kí wọ́n tú bóòtì, kí wọ́n fi sáńpépà ha irin náà títí á fi dán, kí wọ́n sì dè é padà pinpin.

Ìdí tí iná fi gbọ́dọ̀ wà ní títàn ni pé wáyà tó ti já kù ìtàkùn kan ṣoṣo lè dà bí ẹni pé ó pé, níwọ̀n ìgbà tí iná púpọ̀ kò bá gbà á kọjá.

Àmì mìíràn tún wà: bí awakọ̀ bá tẹ bíréékì tí tiráfíkétọ̀ ẹ̀yìn sì ń tàn fìrí, iná kò rí ọ̀nà 'earth' gbà ni, ó ti ń gba inú gílóòbù mìíràn wá ọ̀nà padà.

Ti fíùsì sì yàtọ̀. Bí wáyà tó bó bá fara kan irin, ìdíwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, ampere á sì ga sókè lójijì. Fíùsì á já kí wáyà má bàa gbiná. Ẹni tó bá fi wáyà nípọn rọ́pò fíùsì ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún iná láti jó mọ́tò náà.

Ìwé tí wọn kò kà sí

Ohm gba ìsinmi ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù, ó sì lọ sí Berlin lọ kọ ìwé rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1827. Ó lérò pé òun yóò fi gba iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kún inú ìwé náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Jámánì nígbà yẹn kò sì gbà pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè ṣàlàyé iná. Georg Friedrich Pohl bẹnu àtẹ́ lù ú gidi gan-an. Ní 1828, Ohm fi iṣẹ́ Cologne sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Kíkọ́ni ní ìṣirò fún wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀ ní Berlin ló fi ń jẹun, títí tó fi ríṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nuremberg ní 1833.

Ẹ̀yìn odi ni iyì ti wá. Ní 1841, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Royal Society ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley, ọdún kejì ni wọ́n sì gbà á wọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹni ọdún 63 ni nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Yunifásítì Munich ní 1852, ipò tó ti ń wá láti ìgbà èwe. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1854. Kò gbéyàwó rí.

Ní 1881, àwọn onímọ̀ iná láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Paris, wọ́n sì fẹnu kò pé ohm ni wọn yóò máa fi wọn ìdíwọ́ iná, gẹ́gẹ́ bí fóltì ṣe wá láti orúkọ Alessandro Volta ará Ítálì, tí ampere sì wá láti orúkọ André-Marie Ampère ará Faransé. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lójú mítà tí àwọn rewire Kokompe ń gbé kiri.