Philip Henry Gosse: Ọkùnrin tó gbé òkun wọ pálọ̀

Ẹni tó bá ń sin ẹja odò sínú àpótí gíláàsì, bó pẹ́ bó yá, ọkàn ẹ̀ á fà sí ti òkun. Á rí fídíò clownfish lórí fóònù, á rí iyùn alààyè tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á ní òun náà fẹ́. Kò burú o. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó yín, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ọkùnrin tó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè gbé òkun wọ pálọ̀, àti ohun tí ẹ̀kọ́ yẹn dá sílẹ̀ níṣojú ẹ̀.

Wọ́n bí Philip Henry Gosse ní Worcester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 1810. Ayàwòrán ni bàbá ẹ̀, ìlú dé ìlú ló ń kiri wá iṣẹ́, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Poole, ìlú tó ní èbúté, ni Gosse dàgbà sí. Ọmọ ọdún 17 péré ni nígbà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Newfoundland láti ṣe akọ̀wé fáwọn oníṣòwò. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkòrò jọ, tó ń yà wọ́n sínú ìwé. Lọ́dún 1835, ó lọ dáko ní Kánádà, oko ò lérè. Lọ́dún 1838, ó lọ ṣe tíṣà ní Alabama, níbi tó ti fojú ara ẹ̀ rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ẹrú dúdú. Oṣù mélòó kan ló lò níbẹ̀, ló bá kẹ́rù ẹ̀, ó di London.

Ọdún 1844 ló lọ sí Jamaica, ó sì lo bí ọdún kan ààbọ̀ níbẹ̀, ó ń kó ẹyẹ àti kòkòrò jọ. Bẹ́ ẹ bá ń ka ìtàn Gosse, ẹ má fo orúkọ Samuel Campbell o. Ọmọkùnrin adúláwọ̀ ni, òun ni Gosse gbà ṣe igbákejì níbẹ̀. Nínú ìwé tí Gosse kọ lẹ́yìn náà, ó yin ojú àti ọwọ́ ọmọ náà dáadáa.

Lọ́dún 1848, ó fẹ́ Emily Bowes, òǹkọ̀wé bíi tiẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n bí Edmund, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ ìbí yẹn, Gosse kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ìyàwó òun bí ọkùnrin, ó sì kọ ọ́ tẹ̀ lé e pé ẹyẹ kan dé láti Jamaica. Bí bàbá yẹn ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí omi. Kì í ṣe Gosse ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Lọ́dún 1846, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Thynne gbé iyùn alààyè láti Torquay lọ sí London. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iyùn sọ́rùn ọba nìkan, ẹranko kéékèèké ló ń kọ́ ọ sísàlẹ̀ òkun o. Kò sí iná mànàmáná nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á máa da omi òkun náà láti inú igbá kan sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí atẹ́gùn lè wọnú ẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló máa ń ṣe é.

Ẹnì kejì ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́místrì. Omi odò lòun fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1849, ó kó goldfish méjì àti ewéko omi sínú omi. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi dọ̀tí. Ló bá kó ìṣáwùrú sí i. Ìṣáwùrú jẹ ewé tó rà, omi mọ́. Ewéko ń fún ẹja ní ọ́ksíjìn, ìgbẹ́ ẹja ń di ajílẹ̀ fún ewéko, ìṣáwùrú ń gbálẹ̀. Ìgbà tí èyí yọrí ló tó gbìyànjú omi òkun.

Ara Gosse ò yá lọ́dún 1852, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, ló bá kó ìyàwó àtọmọ lọ sétí òkun Devon. Òun náà ń gbìyànjú irú ẹ̀ níbẹ̀. Ewéko odò kì í gbé inú iyọ̀, torí náà, ewéko òkun ló gbọ́dọ̀ lò. Ẹ sì wò ó, ewéko òkun kì í ta gbòǹgbò sínú iyẹ̀pẹ̀ bíi tòdò, ara òkúta ló ń lẹ̀ mọ́. Gosse á mú òòlù dání, á gé òkúta pẹ̀lú ewéko lára ẹ̀, á gbé gbogbo ẹ̀ lọ sílé. Lọ́dún 1853, nígbà tí ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja ẹ̀, Gosse wà lára àwọn tó kó ẹranko òkun síbẹ̀. Lọ́dún 1854, ó gbé ìwé The Aquarium jáde, àwòrán tó fọwọ́ ara ẹ̀ yà wà nínú ẹ̀. Ọdún yẹn náà ló ṣàlàyé béèyàn ṣe lè po iyọ̀ mẹ́rin pọ̀ sínú omi lásán, kó di omi òkun. Ẹni tí kò sún mọ́ etíkun rárá wá lè ní òkun nílé.

Ìlú dàrú. Àpótí gíláàsì di àṣà. Àwọn èèyàn ń wọ rélùwéè lọ sétí òkun, kóówá pẹ̀lú òòlù àti garawa, bí Gosse ṣe kọ́ wọn.

Ọdún 1857 ni ìbànújẹ́ dé. Jẹjẹrẹ ọyàn pa Emily ní oṣù kejì. Ọdún yẹn náà ló kọ Omphalos, níbi tó ti ní Ọlọ́run dá ayé bíi pé ó ti gbó tẹ́lẹ̀, kí Bíbélì àti ìmọ̀ nípa àpáta má bàa tako ara wọn. Àti onígbàgbọ́ àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọn ò gbà á. Ó kó lọ sí St Marychurch lẹ́gbẹ̀ẹ́ Torquay, ó sì kọ ìwé ńlá lórí iyùn àtàwọn ẹranko òkun tó dà bí òdòdó.

Ṣùgbọ́n àwọn kòtò omi tó wà láàárín àpáta, tó jẹ́ ọgbà ìdùnnú fún un, ti ń ṣófo. Àwọn tó ka ìwé ẹ̀ ti gbẹ́ wọn, wọ́n ti kó wọn tán. Edmund kọ ọ́ sínú ìwé Father and Son lọ́dún 1907 pé ọ̀rọ̀ náà dun bàbá òun gan-an. Ìfẹ́ òkun ló fẹ́ gbìn sí wọn lọ́kàn. Ìfẹ́ yẹn náà ló ro etíkun náà kanlẹ̀. Gosse kú lọ́jọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 1888.

Èmi ò ní kẹ́ ẹ má ra òkun yín o. Àmọ́ ẹ má kánjú. Ẹ po iyọ̀ yín, ẹ to òkúta, kẹ́ ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí bakitéríà tó ń pa oró ìgbẹ́ ẹja lè pọ̀ nínú ẹ̀. Bí omi bá gbẹ lọ sílẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kún un, torí omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tajà léèrè: ṣé wọ́n sin clownfish yìí ni, àbí inú òkun ni wọ́n ti kó o? Ṣé wọ́n gé iyùn yìí lára èyí tí wọ́n ń tọ́jú sínú gíláàsì ni, àbí òkúta òkun ni wọ́n fọ́? Nígbà ayé Gosse, kò séyìí tí wọ́n ń sìn tà. Lóde òní, ó wà. Èyí tí wọ́n sìn ni kẹ́ ẹ rà.