Ẹni Mímọ́ Patrick: Ẹrú Tí Ó Padà Sọ́dọ̀ Àwọn Tí Ó Kó O

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni ìrántí Ẹni Mímọ́ Patrick máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún. Àwa àti Ìjọ Àgùdà ni a jọ ń ṣe ìrántí rẹ̀. Òun ni àwọn ará Ireland fi ṣe ẹni mímọ́ ilẹ̀ wọn, àwọn Àgùdà sì fi í ṣe ti ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú ní ọdún 1961. Ẹni tí ó bá mọ Coal Camp ní Enugu níhìn-ín yóò mọ ilé ìsìn wọn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àlùfáà Joseph Shanahan, ọmọ Ireland, tí ó dé ilẹ̀ Ìgbò ní 1902, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1920, àti àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ni wọ́n mú orúkọ náà wá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti kó orin àti ìkórè wa dání wá sí ìlú yìí. A fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin náà, nítorí ó kan gbogbo ẹni tí ń gbé ìlú tí kì í ṣe ti baba rẹ̀.

Patrick fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ireland. Ilẹ̀ Britain ni a bí i sí, nígbà tí agbára Róòmù ń lọ sópin níbẹ̀. Díákónì ni Calpurnius baba rẹ̀, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú; àlùfáà ni Potitus baba ńlá rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó ti jẹ́ ọmọ ilé ìsìn tó, kò ka Ọlọ́run sí. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 16, àwọn akónilẹ́rú ti Ireland gba ojú òkun wá, wọ́n sì kó o lọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ṣe ẹrú, tí ó ń da ẹran nínú òjò àti òtútù. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ àdúrà. Ó tó ìgbà ọgọ́rùn-ún tí í máa gbàdúrà lójúmọ́, òru rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Nígbẹ̀yìn ó sá. Ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 200 ibùsọ̀ kí ó tó rí ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e. Nígbà tí ó padà délé, àwọn ẹbí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má tún fi àwọn sílẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n Patrick lá àlá: ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Victoricus kó ìwé púpọ̀ wá fún un, ó sì gbọ́ nínú rẹ̀ bí àwọn ará Ireland ti ń ké pè é kí ó wá máa bá wọn rìn. Kò sá. Ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì padà lọ wàásù fún àwọn tí ó fi í ṣe ẹrú.

Kò ní ìbátan níbẹ̀ tí ó lè gbèjà rẹ̀. Ó fún àwọn ọba ní ẹ̀bùn kí ọ̀nà lè là fún un. Wọ́n dè é ní ìgbà kan, wọ́n gba gbogbo ẹrù rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ṣe ìrìbọmi fún, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn obìnrin fi ohun ọ̀ṣọ́ wọn sórí pẹpẹ fún un, ó dá a padà fún wọn, bí ó tilẹ̀ dùn wọ́n. Ó ní bí òun bá gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe owó bàtà, kí olúwarẹ̀ wí, òun yóò san án. Ó mọ̀ pé ojú àwọn onílẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ àlejò.

Ìwé méjì péré tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó kù. Ó kọ èkíní láti ro ẹjọ́ ara rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà ìjọ ní Britain fi ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ kàn án, èyí tí ó ti sọ fún ọ̀rẹ́ kan ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Èkejì ni ìwé tí ó kọ sí àwọn ọmọ ogun Coroticus, ìjòyè kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Kristẹni. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí kọlu àwọn tí Patrick ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún. Òróró kò tíì gbẹ níwájú orí wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì ta àwọn ìyókù. Patrick pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn jẹun, kí a má sì gba ọrẹ wọn, títí wọn yóò fi dá àwọn tí wọ́n kó sílẹ̀. Ẹni tí ó ti jẹ ìyà ẹrú rí ni ó sọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbèjà àwọn àjèjì níwájú ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́.

Ní ti ejò tí wọ́n ní ó lé kúrò ní Ireland, àti ewé ẹlẹ́ka mẹ́ta tí wọ́n ní ó fi kọ́ni ní Mẹ́talọ́kan, kò sí wọn nínú ohun tí ó kọ. Ìran ẹ̀yìn ni ó fi kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Ní 1821 ni a kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣoògùn; ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí Sàró. Òun náà ni Samuel Àjàyí Crowther tí ó mú Ìhìn Rere dé Onitsha ní 1857, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bí Patrick ti ṣe àlejò ní Ireland, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wa ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ìgbò, ó sì fi ohun rere sílẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò wa ní ọjà Ogbete, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, bí a bá rántí Patrick, ẹ jẹ́ kí a rántí òṣùwọ̀n wa, ìwé owó wa, àti ìlérí tí a ṣe fún àwọn onílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti ka ẹ̀sìn wa kí wọ́n tó gbọ́ orin wa. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.