Akíntọ́lá àti asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1910 ni wọ́n bí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí kò jìnnà sí Ìkòyí-Ilé wa. Ohun tó mú mi ronú nípa rẹ̀ ni eré ìdárayá kan tí mo fẹ́ràn: mo máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàrin awakọ̀ hẹlikópítà àti àwọn tó ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Bí wọ́n bá pàṣẹ fún awakọ̀, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ padà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣì í gbọ́. Rédíò inú ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì: a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì.

Akíntọ́lá ṣe olùkọ́ ní Baptist Academy, Èkó, ó di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Ìlú Ọba. Nígbà tó yá, ó di igbákejì Awólọ́wọ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group. Ní 1953, gómìnà òyìnbó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ náà lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fèsì, wọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959.

Ní 1957, Akíntọ́lá di mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ìbánisọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1959, Awólọ́wọ̀ fi hẹlikópítà polongo ìbò káàkiri. Lẹ́yìn ìbò náà ni Akíntọ́lá di Prímíà ní Ìbàdàn, rédíò tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí èsì sì bọ́ sábẹ́ ìjọba rẹ̀.

Ìjà tú ẹgbẹ́ ká ní 1962. Ní oṣù Kẹwàá 1965, wọ́n dìbò, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì gbà pé wọ́n ti yí èsì ìbò náà. Nígbà tó yẹ kí ohùn Prímíà jáde lórí rédíò, ọkùnrin kan mú ìbọn wọlé, ó sì fi téèpù mìíràn rọ́pò tirẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Níta, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun ènìyàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, àwọn ọmọ ogun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn.

Títí dòní, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ròyìn bó ṣe mọ òwe àti àwàdà lò. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbò ni èsì tí ará ìlú ń fún aláṣẹ. Ìjọba rẹ̀ dí ọ̀nà èsì yẹn, ó sì gba ọ̀nà mìíràn wọlé.