Olíkóyè Ransome-Kútì: Mínísítà tó ní ká ka àwọn ọmọ wa ní ojúlé-dé-ojúlé

Bí a bá dárúkọ ìdílé Ransome-Kútì, orin Fẹlá ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rántí, tàbí ìjà owó orí tí ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sòdí jà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn ètò ìlera ilẹ̀ yìí, orúkọ àkọ́bí ọkùnrin ilé náà ló máa ń ṣáájú. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè, dókítà àwọn ọmọdé, tó ṣe mínísítà fún ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kì í fi iye ilé ìwòsàn ńláńlá tí ìjọba kọ́ díwọ̀n ìlera orílẹ̀-èdè. Ohun tó ń bá ọmọ tó wà ní ìletò tó jìnnà jù lọ ló fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí bàbá rẹ̀, Ẹni-ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní 1932, bàbá náà kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta láti di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ yìí náà sì ni Olíkóyè ti kàwé. Ó gba Trinity College ní ìlú Dublin lọ láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì parí ní 1954. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba l'Ékòó, ó tún ṣiṣẹ́ ní Great Ormond Street àti Hammersmith ní ìlú London. Ní 1967 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú àwọn ọmọdé.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi fi ohun kan yé e. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ àti àìjẹunrekánú ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí ń kú, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó di dandan kó di ẹjọ́ ilé ìwòsàn ńlá bí a bá tètè mójú tó o. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi ilé ìtọ́jú kan ní Òpópónà Gbàjà, Sùúrùlérè, ṣe àpẹẹrẹ. Níbẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀, kí wọ́n sì darí èyí tó bá le sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé péjọ sí Alma-Ata ní 1978, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé ètò ìlera alábọ́ọ́dé ni ìpìlẹ̀ ìlera gbogbo ènìyàn, ọ̀nà tí Olíkóyè ti ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ní 1985, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida pè é sí ipò mínísítà. Ìpè náà kò lè rọrùn fún ọmọ ilé náà. Àwọn ọmọ ogun ló dáná sun ilé Fẹlá ní 1977, wọ́n sì ṣe ìyá wọn léṣe lọ́jọ́ náà. Kò pé ọdún méjì tí ìyá náà fi papò dà. Fẹlá fúnra rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n lọ́wọ́ ìjọba lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ipò yìí. 1986 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Síbẹ̀, Olíkóyè gba iṣẹ́ náà, ó sì lo ọdún méje nídìí rẹ̀.

Ní 1986, wọ́n yan ìjọba ìbílẹ̀ 52 káàkiri Nàìjíríà láti fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ nọ́mbà sára ilé, wọ́n ka àwọn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi káàdì ìlera sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ìlànà ìlera tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1988 pín iṣẹ́ fún oníkálùkù: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ di ti ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn gbogboogbò di ti ìpínlẹ̀, ìlera alábọ́ọ́dé sì di ti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn ìlera mẹ́rin kí wọ́n lè máa bojú tó iṣẹ́ náà. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ ọ̀kan náà, alága ìjọba ìbílẹ̀ kan kò ní lè fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé fún Olíkóyè ní ẹ̀bùn Léon Bernard ní 1986.

Àmọ́ kíka nǹkan àti kíkà á bó ṣe tọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní 1990, ìjọba kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó lé ní 80 nínú 100. Lọ́dún náà gan-an, ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n ń pè ní NDHS wáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó sì bá bọ̀ ni pé ọmọ 30 péré nínú 100 ló ti gba àjẹsára pé. Òṣùwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ni ti ìjọba, wọ́n sì fi pín iye ọmọ tí wọ́n fojú bù láti inú ìkànìyàn 1963. Inú yàrá ìyá ọmọ ni ìwádìí kejì wọ̀ lọ, ó béèrè káàdì, ó sì wò ó bóyá ọmọ náà gba gbogbo rẹ̀ tán. Ìyẹn ni pé káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá, irú èyí tí Olíkóyè ní kí wọ́n máa pín, ló wá di ohun tí a fi ń yẹ iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀ náà wò.

Ọkùnrin náà kì í sá fún òtítọ́, bó ti wù kó korò tó. Nígbà tí Fẹlá kú ní oṣù Kẹjọ, 1997, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi àrùn éèdì pamọ́ bí ẹni fi ọ̀ràn pamọ́, òun ló jókòó síwájú àwọn oníròyìn tó sì là á mọ́lẹ̀ pé àrùn náà ló pa àbúrò òun. Kò gbà kí wọ́n yọ òkú ilé òun kúrò nínú iye àwọn tí àrùn náà pa.

Olíkóyè jáde láyé ní ìlú London ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 2003, lẹ́ni ọdún 75. Lọ́dún tó kú yìí, NDHS tún wáyé. Ọmọ tó gba àjẹsára pé ti já wálẹ̀ sí 13 nínú 100. Bẹ́ẹ̀, 13 yìí kò fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn: nǹkan bíi 4 ni ní Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bíi 45 sì ni ní Gúúsù Ìlà-oòrùn. Ní 2018, ó gòkè padà sí 31, ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọdún 28, ọmọ kan péré la fi ju ibi tí a wà ní 1990. Àlàfo ẹkùn sí ẹkùn kò sì dí: 20 sí 57.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iye kan ṣoṣo tí ìjọba ń kéde fún gbogbo Nàìjíríà lè jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ nígbà tí ọmọ ń kú ní wọ́ọ̀dù kan tí kò sẹ́ni tó lọ kà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Olíkóyè fi ní kí wọ́n kọ nọ́mbà sára ilé. Bí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá wá ń sọ pé ìlera ti dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ní kó mú àkọsílẹ̀ ojúlé-dé-ojúlé jáde, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé tì yín.