Eleanor Rathbone: Obìnrin tí kò ṣẹgbẹ́ òṣèlú, tó sì gba owó ọmọ fáwọn ìyá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú, òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá. Ẹni tó bá wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láìní ẹgbẹ́ lẹ́yìn kò ní rí ẹni bá a kó ìbò jọ, kò ní rí ẹni fi í jẹ mínísítà, bí ọjọ́ ìdìbò bá sì dé, kò sí owó ẹgbẹ́ tí yóò ná. Síbẹ̀, obìnrin kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lo ohun tó lé ní ọdún 16 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn láìṣe ẹgbẹ́ kankan, tó sì fi ohun kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester mọ̀ dáadáa. Owó ọmọ tí ìjọba ń san níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Child Benefit, láti inú ìjàkadì rẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Eleanor Rathbone lorúkọ obìnrin náà.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, ọdún 1872, ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Liverpool ni orírun rẹ̀. Oníṣòwò olówó ni ìdílé Rathbone ní ìlú náà, bàbá rẹ̀, William Rathbone, sì pẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Liberal. Bàbá yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lọ tọ́jú tálákà nínú ilé wọn ní Liverpool. Lọ́dún 1893, Eleanor wọ ilé ẹ̀kọ́ Somerville ní Oxford, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dún 1896. Kò gba oyè kankan lọ sílé, nítorí pé ó di ọdún 1920 kí Yunifásítì Oxford tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin lóyè.

Nígbà tó padà sí Liverpool, kò jókòó ti ọrọ̀ bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí nípa àwọn lébìrà tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní èbúté ìlú náà. Iṣẹ́ òòjọ́ ni tiwọn. Wọn yóò tò síbi tí àwọn ọ̀gá ti ń ṣa èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò rí owó gbà, ẹni tí wọn kò mú yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Rathbone rí i pé orí ìyàwó ilé ni ìnira náà ń já lé, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ sẹ́nu ọmọ, yálà ọkọ ríṣẹ́ tàbí kò rí. Lọ́dún 1909, wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Liverpool, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Kò dúró lórúkọ ẹgbẹ́ kankan, síbẹ̀ ó ṣojú fún àdúgbò Granby títí di ọdún 1935.

Ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914 tún là á lójú sí i. Ìjọba ń san owó fún ìyàwó àwọn sójà tó wà lójú ogun, wọ́n sì ń wo iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n tó san án. Rathbone wà lára àwọn tó bójú tó ètò náà ní Liverpool. Ohun tó rí ni pé nígbà tí owó bá dé ọwọ́ ìyá fúnra rẹ̀, ara àwọn ọmọ ló máa ń hàn sí. Ó pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró de ìgbà ogun nìkan.

Lọ́dún 1924, ó gbé ìwé kan jáde tó pè ní The Disinherited Family. Nígbà náà, èrò tó wọ́pọ̀ ni pé owó iṣẹ́ ọkùnrin gbọ́dọ̀ tó gbọ́ bùkátà ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Rathbone ní ìṣirò náà kò pé. Àpọ́n ń gba owó ọmọ tí kò bí, bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà sì ń gba owó tí kò lè tó o. Èyí tó burú jù ni pé ìṣirò yìí náà ni wọ́n fi ń dín owó obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kù, pé kò ní ìdílé tó ń bọ́. Ojútùú tirẹ̀ ni kí ìjọba máa san owó lórí ọmọ, kí wọ́n sì fi lé ìyá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fẹ́ ẹ, wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ọ̀gá yóò fi gé owó iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ìwé náà yí lọ́kàn padà ni William Beveridge, tó jẹ́ olórí London School of Economics lákòókò yẹn.

Rathbone ti díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 1922 ní East Toxteth, Liverpool, ó sì fìdí rẹmi. Lọ́dún 1929, ó wọlé. Ìjókòó àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí Oxford, Cambridge àti Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé e débẹ̀. Àwọn tó gboyè jáde ní àwọn yunifásítì náà ló ń dìbò, inú lẹ́tà ni wọ́n sì ń fi ìbò wọn ránṣẹ́. Irú olùdìbò bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹgbẹ́ tí yóò máa lu ìlù fún wọn. Obìnrin 14 péré ló wọlé lọ́dún náà nínú àwọn aṣòfin 615.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló bọ́ sí i. Lọ́dún 1929 kan náà, ó pe ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ìyà tó ń jẹ obìnrin ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn obìnrin Íńdíà tó wà níbẹ̀ sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé àwọn ló ni ilẹ̀ wọn, àwọn náà ni yóò tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, ṣùgbọ́n ó lọ sí Íńdíà lọ́dún 1932 láti fojú ara rẹ̀ rí nǹkan, ó sì bá wọn jà kí àwọn obìnrin púpọ̀ sí i lè ní ẹ̀tọ́ ìdìbò.

Nígbà tí Hitler gbàjọba ní Jámánì lọ́dún 1933, Rathbone wà lára àwọn aṣòfin tó kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ó lọ sí Sípéènì lọ́dún 1937 nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ àwọn ogunléndé gba gbogbo àkókò rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ pọ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sá fún un. Lọ́dún 1940, ìjọba kó àwọn ará Jámánì àti Austria sí àgọ́, títí kan àwọn Júù tó sá fún Hitler. Ó lọ bẹ̀ wọ́n wò ní àgọ́ Huyton nítòsí Liverpool, ó sì ń bá ìjọba fà á kí wọ́n lè tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ìpakúpa àwọn Júù wá délé lọ́dún 1942, ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ṣì lè sá. Ìjọba ní ó dìgbà táwọn bá ṣẹ́gun. Èyí ni ìjà tí kò borí, ó sì dun òun gan-an.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942 yìí náà, Beveridge gbé ìròyìn ńlá rẹ̀ jáde, owó ọmọ sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1945, ìjọba Churchill gbé àbádòfin rẹ̀ wá sílé ìgbìmọ̀. Ohun tí Rathbone ti ń wá fún ohun tó lé ní ogún ọdún ló dé yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé bàbá ló ni owó náà.

Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, agara sì ti ń dá a. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìbá gba èyí tí wọ́n rí, pé díẹ̀ sàn ju àìsí lọ. Rathbone kọ̀. Ó kéde nílé ìgbìmọ̀ pé bí wọn kò bá yí i padà, òun fúnra òun yóò dìbò lòdì sí àbádòfin tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí olórí ẹgbẹ́ tó lè pè é sẹ́yìn, kò sí ipò tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aṣòfin obìnrin inú ẹgbẹ́ gbogbo dúró tì í, ìjọba sì gbà pé kí kálukú dìbò bí ọkàn rẹ̀ ṣe sọ. Àwọn ìyá ló jàre. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, ọdún 1945, àbá náà di òfin: ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àkọ́bí.

Rathbone kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ní ọjọ́ kejì, oṣù kìíní, ọdún 1946, ó kú lójijì. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn ìyá tó gba owó àkọ́kọ́. Ìjókòó yunifásítì tó gbé e wọlé pàápàá parẹ́ lọ́dún 1950. Láti ọdún 1977, Child Benefit ló rọ́pò owó àtijọ́ náà, ó sì kan àkọ́bí pẹ̀lú. Lọ́dún 2018, wọ́n kọ orúkọ Rathbone mọ́ ìdí ère Millicent Fawcett tí wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lóòótọ́, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Rathbone náà kò sọ pé òun pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ gbogbo ṣe tán láti gba ìdajì, ẹni tí kò ní ọ̀gá kankan lókè orí rẹ̀ ló lè sọ pé rárá, ó kù síbì kan.